Ọ̀nà Àbùjá Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò ládùúgbò wa, níbi tí Mushin ti fẹnu ko Ìlúpéjú, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo jẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bí ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá gbé òkú ọkọ mi. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n dá àwa púpọ̀ dúró, mo ra máṣíìnì ìránṣọ, mo gbé e sí ojú wíńdò pálọ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé. Láti ojú wíńdò yẹn, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ ládùúgbò. Mo mọ ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ ti ń fún un, mo mọ ọkùnrin tí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo rò pé ará àdúgbò ni mí. Àṣé ayálégbé ni mí.

Ẹgbẹ́ onílé ló ń darí àdúgbò. Ní gbogbo Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí àwa ayálégbé bá ti gbálẹ̀ tí a ti kó gọ́tà tán, wọ́n máa ń ṣèpàdé ní àgbàlá alága wọn, bàbá Ìjẹ̀ṣà kan tó ta aṣọ ní Tejúoṣó títí ó fi kọ́ ilé alájà méjì. Àwọn onílé a jókòó sórí àga oníke. Àwa ayálégbé tó bá yọjú a dúró sẹ́yìn wọn, lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tó ní ká má jókòó o. Àga ni kì í kárí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àga ò fi kárí, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe fún èèyàn nìyẹn: á fi ibi tí o máa dúró sí hàn ọ́ láìla ẹnu, ẹsẹ̀ rẹ á sì máa gbé ọ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, olè ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ti jí jẹnẹrétọ̀ onílé kan. Alága ní ọ̀nà àbùjá ẹ̀yìn ilé ni olè gbà wọlé, pé kí wọ́n mọ ògiri dí i. Ọ̀nà àbùjá yìí kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì pàdé kí èjìká wọn kan ara wọn. Àárín ilé méjì ló gbà já sí àdúgbò kejì, níbi tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ilé ìwòsàn kékeré àti ẹ̀rọ omi wà. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀, títì ńlá ló máa bọ́ sí, níbi tí mọ́tò àti ọ̀kadà ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ onílé kì í gba ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ tiwa ló ń gba ọ̀nà àbùjá.

Mo nawọ́ sókè.

"Màdáàmù," ni alága wí, "ilé èwo ni tiyín?"

"Mi ò nílé níbí, sà. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń gba ọ̀nà yẹn..."

"Ẹ jókòó, màdáàmù. Onílé nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbí."

"Kò sí àga tí màá jókòó lé, sà. Orí ìdúró ni mo wà látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi ìdúró náà sọ̀rọ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Onílé tèmi, bàbá olùkọ́ kan ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti fẹ̀yìn tì, tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó rọra ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò fi sílẹ̀. Mo sọ iye ọmọ tí mo mọ̀ tó ń gba ọ̀nà náà, torí èmi ni mo rán aṣọ ọrùn wọn. Mo sọ bí títì ṣe rí láàárọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán bí ẹni tó ń dúró kí òjò dá, lẹ́yìn náà alága bi àwọn onílé léèrè ẹni tó fara mọ́ ògiri. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ọwọ́ onílé tèmi náà lọ sókè, àmọ́ kò ga.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bíríkìlà ti mọ ògiri náà tán.

Kò pé oṣù kan tí ọ̀kadà fi gbá obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi. Obìnrin Mùsùlùmí ni, oníbúrẹ́dì ni, aláìlẹ́nu èèyàn tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ló máa ní kí o má bínú. Atẹ búrẹ́dì ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó fẹ́ sọdá títì. Egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Mo bá a dé ọsibítù. Mo gbọ́ bó ṣe ń bẹ ọlọ́kadà pé kó má bínú, pé òun ni kò wòye. Mo gbọ́ ọ, ara mi gbóná.

Òṣìṣẹ́ réluwéè ni bàbá mi ní Ìdó nígbà ayé rẹ̀, inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì dàgbà sí. Ó máa ń sọ fún wa nílé pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pè é ní aláriwo. Bí ogún èèyàn bá dákẹ́ tí wọn ò ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá fúnra wọn á wá béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Bí mo ṣe dé láti ọsibítù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó di Sọ́ńdè, èèyàn mẹ́tàlélógún ló há sínú pálọ̀ mi. Àwọn kan jókòó sórí aṣọ káákì tí mo ti gé sílẹ̀, àwọn kan fara ti máṣíìnì. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan náà fún ọdún márùn-ún tí wọn ò mọ ìlú ara wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Ṣé ọmọ Ọ̀fà ni yín? Èmi rò pé Ìjẹ̀bú ni yín, torí bẹ́ ẹ ṣe ń fi ata sọ́bẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a sọ̀rọ̀.

Ta ló ń kó gọ́tà àdúgbò? Àwa ni. Ta ló ń gbá ojú títì? Àwa ni. Ó dáa, a ò ṣe é mọ́.

Sátidé ìmọ́tótó dé, a jí, a fọ aṣọ wa, a sá a. Kò sẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì. Àwọn onílé rò pé àwàdà ni. Oṣù kejì, alága fúnra rẹ̀ wọ bàtà òjò, ó bọ́ sínú gọ́tà pẹ̀lú onílé mẹ́ta. Mo ń wò wọ́n lójú wíńdò. Bàbá náà ti dàgbà ju bàbá mi nígbà tó kú lọ. Ó gbé ṣọ́bìrì kan, ó dúró, ó mí, ó tún gbé òmíràn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí ọmọ mi gbé omi tútù lọ fún un. Ó gba omi náà, ó mu ún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, kò sì wo ojú wíńdò mi. Èmi náà ò dìde níbi tí mo jókòó sí.

Wọ́n wá ẹni tí wọ́n máa háyà. Wọ́n lọ bá obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń lọ ata lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ́wọ́ onílé kan, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ata náà ni òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì sì ń sùn. Gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn fún un. Wọ́n ní kó kó gọ́tà, àwọn á sanwó fún un. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ń lọ ata lọ́dọ̀ mi ló ní àwọn ò kó o. Mi ò lè wá kó o lẹ́yìn wọn." Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Kò sí nínú pálọ̀ mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní obìnrin gidi ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nótíìsì halẹ̀ mọ́ wa, pé kí á kó jáde nílé wọn. Onílé tèmi wá kanlẹ̀kùn mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n fún yín ní nótíìsì," ló wí.

"Ẹ fún mi, sà."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ku kí n fọwọ́ sí i." Ó ká ìwé náà. "Bírò mi ló gbẹ."

"Mo ní bírò nínú ilé, sà."

"Mi ò lo bírò ẹlòmíràn," ni bàbá náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, bírò náà ò tíì rí tàdáwà.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí a ti dáwọ́ dúró, òjò ńlá kan rọ̀. Gọ́tà kún, ó da omi dúdú sínú ilé onílé, ó dà á sínú ilé ayálégbé. Ó ba káákì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jẹ́. A fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi inú ilé wa síta, a ò kó gọ́tà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bíríkìlà náà padà wá, ó fi òòlù ńlá lu àárín ògiri tó mọ. Àwọn onílé ní àwọn ò lè fi ọ̀nà sílẹ̀ lásán, kí á jẹ́ kí àwọn gbé géètì onírin síbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. A gbà. Oníbúrẹ́dì, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ni a ní kó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé ká má bínú pé òun ń pẹ́.

Ẹgbẹ́ ayálégbé kò tú ká lẹ́yìn ìyẹn. Ó gbòòrò. Wọ́n fi mí ṣe alága. A ní akọ̀wé, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹgbẹ́ náà: ó ṣe wá lóore. Ẹni tó bá ṣàìsàn, èèyàn á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí. Oníbúrẹ́dì tí kì í lè sọ pé ẹlòmíràn jẹ̀bi, a fi ṣe olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́, mo sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń bá onílé kan sọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ẹgbẹ́ ló fún un ní ohùn yẹn. Mo dúpẹ́.

Àmọ́ ó fún èmi náà ní ohùn. Wọ́n gbé tábìlì kan kalẹ̀ fún mi, wọ́n tẹ́ aṣọ lé e, wọ́n gbé agogo kékeré sí i. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin á yọ fìlà. Ọmọ mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí mo ní kó wá gbé abọ́ pé, "Màámi, ẹ kì í sọ̀rọ̀ báyìí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìpàdé la wà." Mo ní kó gbé abọ́, jàre.

A ṣe òfin. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo lu agogo lé e lórí. Géètì á wà ní ṣíṣí ní wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan tí ilé ìwé bá jáde. Ìyókù ọjọ́, àgádágodo á wà lẹ́nu rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ẹgbẹ́ á ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ó dùn mọ́ wa. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi dínà mọ́ wa ti di tiwa. Àwọn míì so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn, kí èèyàn lè rí i.

Ní ìpàdé kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ tán, obìnrin tó ń lọ ata nawọ́ sókè. Ó dúró sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n nítorí ata.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí alága," ló wí, "mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kọ́kọ́rọ́ kan. Àwọn ọmọ mi ló ń bá mi fọ ẹ̀rọ láàárọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, géètì ti wà ní títì. Títì ni wọ́n ń gbà."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Màdáàmù, yàrá ta lẹ gbà ládùúgbò yìí?"

"Mi ò gba yàrá, mà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà."

"Ẹgbẹ́ ayálégbé nìyí, kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún alága tó bá dáhùn kíá. Obìnrin náà wò yíká bóyá àga wà. Kò sí. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì jáde. Mo lu agogo. A gbàdúrà ìparí.

Oníbúrẹ́dì kò dìde nígbà tí gbogbo wọn ń lọ. Ó jókòó títí tó fi ku àwa méjì.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Mo gbọ́."

"Ó dáa. Mo ní bóyá ẹ ò gbọ́ ni." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tiro lọ.

Mo ti bínú sí èèyàn púpọ̀ láyé mi, àmọ́ ìbínú ọjọ́ yẹn kò níbi tó máa lọ. Mo jókòó ti máṣíìnì, mi ò rán nǹkan kan. Mo ń wá ẹni tí màá dá lẹ́bi. Ṣé akọ̀wé ni, tó kọ òfin? Ṣé àwọn tó rẹ́rìn-ín ni? Mi ò rẹ́nì kan tó fipá mú mi. Wọ́n gbé mi jókòó síbi tí alága àwọn onílé máa ń jókòó sí, mo sì ń sọ ohun tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa ń sọ. Ó wá yé mi pé bóyá bàbá Ìjẹ̀ṣà yẹn náà kì í ṣe ìkà. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ìkà èèyàn, o lè sá fún un. Èèyàn rere tí ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, báwo lo ṣe máa sá fún ìyẹn, nígbà tó bá jẹ́ ìwọ ni?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń lọ ata fún ẹnì kan. Kò pa ẹ̀rọ. A ní láti máa pariwo kí á tó gbọ́ ara wa.

"Mo wá bẹ̀ yín," ni mo wí.

"Kò burú, mà."

"Ó burú."

Ó da ata sínú abọ́ ẹni tó ni ín, ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ lójijì. "Àǹtí, mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ àwa méjì péré la wà, ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń kí mi dáadáa tẹ́ ẹ bá wá lọ ata. Ìdí tábìlì yẹn ni wọ́n ti yí yín padà."

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ tèmi lápò, mo nà án sí i. Ó wò ó, kò gbà á.

"Rárá o," ló wí. "Mi ò gba kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ọmọ mi lọ́la, olè ni wọ́n máa pè é. Bí wọ́n bá máa fún mi, kí wọ́n fún mi níṣojú gbogbo èèyàn, níbi tí wọ́n ti ní kí n jókòó."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sápò. Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí nígbà tí mò ń bọ̀ lọ. Ó tún tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ṣàṣìṣe. Mo ní kí á fún gbogbo ẹni tó bá sùn ládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, yálà inú yàrá ló ń sùn ni tàbí inú ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé dìde, ó sì fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ọmọ dáadáa ni.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká rò ó. Tá a bá fún oníṣọ́ọ̀bù, mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́lé máa béèrè. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe máa béèrè. Kí ló máa wá kù tá à ń pè ní ẹgbẹ́ ayálégbé?"

"Kí wọ́n béèrè."

"Wọn ò bá wa jà nígbà tá à ń jà, mà."

"Irọ́ lẹ pa," ni oníbúrẹ́dì ké láti orí àga rẹ̀. "Obìnrin yẹn kọ̀, kò kó gọ́tà. Ebi ń pa á nígbà yẹn, ó sì kọ̀."

A dìbò. Èèyàn mẹ́rin péré ló nawọ́ pẹ̀lú mi. Àwọn ìyókù ò bínú sí mi, wọn ò sì kórìíra obìnrin aláta náà. Wọ́n kàn di nǹkan tí wọ́n ní mú. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Mo ti dì í mú rí.

Nítorí náà, ní Sátidé ìmọ́tótó, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí gbogbo àdúgbò wà níta pẹ̀lú ìgbálẹ̀, mo lọ bá wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Mo ní kó bá mi gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́yìn ilé. Ó bi mí bóyá ẹgbẹ́ ló rán mi. Mo ní rárá, èmi ni mo rán ara mi, tó bá ń bẹ̀rù kó padà. Ó rẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lòun náà ń sùn. Ó fi iná kan géètì, ó ń gé àwọn irin tó dè é mọ́ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ń ta pàràpàrà, gbogbo èèyàn sì ti pé lé wa lórí.

Akọ̀wé sáré dé. "Màámi! Ẹ̀yin lẹ jà fún géètì yìí!"

"Èmi kọ́," ni mo wí. "Ọ̀nà ni mo jà fún. Géètì ni wọ́n fún wa, a sì gbà á."

Alága onílé náà dé, pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó wo géètì tó ti fara ti ògiri, ó wo akọ̀wé, akọ̀wé náà wò ó. Àwọn méjèèjì jọ dúró sí apá kan, èmi àti wẹ́dà dúró sí apá kejì. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé àdúgbò. Bàbá náà ní, "Màdáàmù, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ bá wa jà, ẹ borí. Ẹ tún ń bá àwọn èèyàn yín jà."

"Mo fẹ́ kí èèyàn lè gba ibí kọjá, sà."

"Èèyàn wo?"

"Ẹnikẹ́ni, sà."

Ó mi orí. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ẹnikẹ́ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ méjèèjì pe ìpàdé àpapọ̀ sí àgbàlá alága, láti gbọ́ ẹjọ́ mi. Onílé àti ayálégbé jọ jókòó. Ọjọ́ yẹn ni àga kárí. Èmi nìkan ni mo dúró, torí wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ kì í jókòó. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀: mo tẹ òfin lójú, mo ba nǹkan gbogbogbò jẹ́, mo ṣí ọ̀nà fún olè. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní mo ti tọrọ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ káákì mi. Mi ò sunkún níbẹ̀. Mo dé ilé kí n tó sunkún, mo sì sunkún dáadáa.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn kan ò kí mi mọ́. Àwọn kan gbé yunifọ́ọ̀mù wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ míì. Nígbà tí wọ́n jí sílíńdà gáàsì ẹnì kan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnu ọ̀nà mi ni wọ́n wá dúró sí tí wọ́n ń fi òwe bú mi. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà àbùjá ni olè náà gbà. Ó lè jẹ́ pé ojú títì ló gbà, bí gbogbo èèyàn. Mi ò mọ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ aláta kì í gba títì mọ́. Wọn kì í sì dúró dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Sísáré ni wọ́n máa ń sáré kọjá, bó ṣe yẹ kí ọmọ máa kọjá.

Géètì náà ṣì fara ti ògiri, ó ti ń dípẹtà. Ẹgbẹ́ onílé ní tàwọn ni, àwọn ló ra irin. Ẹgbẹ́ ayálégbé ní tàwọn ni, àwọn ló jà fún un. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa gbé e padà, torí ẹni tó bá gbé e ló ni ín.

Mi ò kórìíra ẹgbẹ́ o. Ẹni tó bá sọ pé òun ò nílò ẹgbẹ́, ògiri ò tíì dí i lọ́nà ni. Ká ní èmi nìkan ni mo dá wà pẹ̀lú ṣọ́bìrì mi nígbà yẹn, inú gọ́tà ni ǹ bá wà títí dòní. Àmọ́ mo kọ̀ kí ẹgbẹ́ fi ẹnu mi sọ ohun tí ojú mi mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Bí ìyẹn bá sọ mí di aláìlẹ́gbẹ́, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé mú ìwé kan wá bá mi. Ó ní ẹgbẹ́ ti rò ó, wọ́n fẹ́ gbà mí padà. Wọ́n ti tẹ ìwé àforíjì náà fún mi, ọwọ́ mi nìkan ló kù. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì nídìí máṣíìnì. Mo bi í bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ṣe, torí oyún rẹ̀ ti sún mọ́ ìbí.

"Ara rẹ̀ le, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tán ni."

"Ibo ló gbà lọ?"

Ó wolẹ̀. Ó fojú sọ́ apá ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọ̀nà àbùjá wà. Ọmọ dáadáa ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ká ìwé náà, mo dá a padà fún un láìfọwọ́ sí i. Mo ní kó bá mi kí wọn. Mo ní kó sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ ní ìpàdé Sátidé, bí wọ́n tilẹ̀ yọ orúkọ mi, torí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí àwọn mẹ́gáàdì má pọn omi níbi ẹ̀rọ omi mọ́, mo sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ.